Àmù Epo Inú Búùtù

Ọjọ́ tí ọkọ̀ Mùtíù, ọkọ mi, kọ̀ mí sílẹ̀ lórí òkè Aké, ìtìjú tó bá mi ju ẹ̀rù lọ. Mo ti gùn ún dé ìdajì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí olóògbé ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ kí tọ́bò lè dìde, ni ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́, ó kan gbà-gbà-gbà, ó sì kú. Mo di bíréèkì mú, mo ń ké pe Ọlọ́run. Ọlọ́kadà kan yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí màámá lọ ra tuntun. Ọkọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ ti ń sáré kí wọ́n tó bí i.

Píjò 505 ni, aláwọ̀ eérú. Òun ni ọkọ mi fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà láti Òwu níhìn-ín, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ọmọ àná tó ń gun ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sílẹ̀ ní Ìfọ̀, ó lọ ra tọ́bò tòkunbọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n bá òun so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọkọ̀ àgbà kì í jẹ èéfín ọmọdé. Mo ní orí rẹ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé mi gun òkè Aké, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọlọ́run ti pè é lọ báyìí. Ọkọ̀ rẹ̀ ló kù sí àgbàlá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí ni ohùn rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì o. Pọ́ọ̀m̀pù epo rẹ̀ wà níta, lábẹ́ ọkọ̀, nítòsí táǹkì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, yóò kọ́kọ́ kùn, hùùùùn, kí epo tó dé iwájú. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, Mùtíù á wọ inú ọkọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Pọ́ọ̀m̀pù á máa kùn. Nínú ìdúró yẹn ló máa ń gba ojú fèrèsé pè mí pé, "Àfúsá, ó dìrọ̀lẹ́ o." Èmi náà á ní, "Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀." Ìgbà náà ni yóò tó ṣáná sí ọkọ̀. Kò sí àárọ̀ tí a kì í sọ ọ́, àní bí a bá bá ara wa jà mọ́jú.

Lẹ́yìn tí ó kú, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ẹnu ya àwọn ará ilé. Wọ́n rò pé ọjà ni mo fẹ́ máa fi kó. Wọn kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yíyí ni mo ń wá. Bí pọ́ọ̀m̀pù yẹn bá ti kùn báyìí, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀ di ọ̀sán.

Àbúrò ọkọ mi ló wá wọ́ ọkọ̀ náà kúrò ní Aké lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Owódé. Sàlàhúdíìnì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó ni ìyàwó ilé tó ń pe ọmọ ọkọ lórúkọ? Ọjọ́ tí mo wọlé, aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi báírò há etí, mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ewú ti wà lórí rẹ̀ báyìí, Akọ̀wé náà ni. Ọkọ mi ni, ẹ ni mo sì máa ń pè é, àfi bí inú bá bí mi. Iṣẹ́ ọkọ̀ alátọ́bò ló ń ṣe. Àwọn ọmọ Èkó ń gbé tiwọn wá bá a.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tọ́bò kọ́ ló ṣẹ̀, epo ni. Ó ní tọ́bò dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ẹ́ńjìnnì á gbóná títí irin á fi yọ́. Pọ́ọ̀m̀pù àtijọ́ yẹn kò sì lágbára tó mọ́. Ó wá bi mí bí epo ṣe pọ̀ tó nínú táǹkì lọ́jọ́ náà. Mo ní èyí tó lè gbé mi dé Aké ni mo rà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í jẹ́ kí táǹkì fà kọjá ìdajì. Bí epo bá kéré tí ọkọ̀ sì kọjú sókè, gbogbo rẹ̀ á wọ́ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ lásán ni pọ́ọ̀m̀pù á máa fà. Mo ní ayé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń kún táǹkì ti lọ, a kì í ra epo mọ́ ní Abẹ́òkúta, a kàn ń tọ́ ọ wò ni. Ó ní kò burú, òun á ṣe é kó lè fi epo ìtọ́wò gun òkè.

Ó ní pọ́ọ̀m̀pù tuntun tó lágbára ni yóò wọ inú táǹkì. Inú epo ni yóò máa gbé, kò ní gbóná, kò sì sẹ́ni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ti àtijọ́ á di ohun à-jù-nù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe mí lóore. "Ariwo yẹn á tán pátápátá, ìyàwó wa."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé opó àgbàlagbà ń fi pọ́ọ̀m̀pù epo bá òkú sọ̀rọ̀? Mo bá ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní ohun tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Mo ní òyìnbó tó fi í síta kò gọ̀. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Mo lọ, mo tún padà wá. Mo bá pọ́ọ̀m̀pù náà lórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ti tú u, ó kéré, ó sì dọ̀tí. Bí Akọ̀wé ṣe yí ẹ̀yìn, mo gbé e sọ sínú báàgì mi.

Kí Ọlọ́run foríjì mí. Ọlọ́kadà tó gbé mi ń fa imú títí a fi dé Òwu, ó ń bi mí bí mo bá gbọ́ òórùn epo. Mo ní ọkọ̀ iwájú ni. Mo tẹ́ bébà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé pọ́ọ̀m̀pù náà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá nǹkan kan sọ. Irin lásán ni tí kò bá sí nínú ọkọ̀. Mo jókòó tì í, mo sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Akọ̀wé yà sílé wa. Ó mu omi, ó béèrè ara mi, ó kí mi kú ilé. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi gbé pọ́ọ̀m̀pù yẹn wá."

"Pọ́ọ̀m̀pù wo lò ń sọ?" Kò sí ẹ níbẹ̀. Inú ti bí mi.

Ó ní gbogbo yàrá ló ń rùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹfun kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ya ètò tuntun sórí símẹ́ǹtì. Ó ní òun ti tún un rò. Agolo kékeré kan yóò wà nínú búùtù. Pọ́ọ̀m̀pù kan á máa fa epo láti inú táǹkì sínú agolo yẹn, pọ́ọ̀m̀pù alágbára á wà nínú agolo fúnra rẹ̀, òun ni yóò máa tì í síwájú, èyí tó bá ṣẹ́kù á padà sínú agolo. Ó bi mí bí mo bá rántí àmù ìyá wọn. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo ń pọn omi sí i. Kànga a máa fà lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n àmù yẹn kò gbẹ rí. Ó ní táǹkì ni kànga, agolo ni àmù. Bí táǹkì bá tilẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ mì lórí òkè, àmù ṣì kún.

"Omi pípọn kò gba agbára," ó ní. "Àgbà lè ṣe é. Ẹ gbé e wá."

Mo bi í pé ṣé pọ́ọ̀m̀pù tuntun kékeré kan kò lè ṣe iṣẹ́ pípọn yẹn ni. Ó ní ó lè ṣe é, ó tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ló dé nígbà náà? Ó pa ẹfun rẹ́ kúrò lọ́wọ́. Mo wọ yàrá, mo sì gbé e jáde fún un. Mo gbà pé àánú mi ló ṣe é.

Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó ní kí n wá yí kọ́kọ́rọ́ fúnra mi. Òun wà lẹ́yìn, ó ki orí bọ búùtù, ó ń wò bí epo bá ń jò. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo sì dúró.

Hùùùùn.

Mo gbàgbé pé mo wà láàárín àwọn oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu mi: "Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀."

Ojú tì mí. Mo wo dígí ẹ̀yìn. Akọ̀wé ti dìde dúró, ó ń fi apá aṣọ nu ojú. Ó rìn wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀, ibi tí Mùtíù máa ń yọ orí sí.

"Yàrá mi ló kángun sí àgbàlá nígbà yẹn, ìyàwó wa," ó ní. "Ohùn yẹn ló ń jí mi lọ ilé-ìwé. Mo ti kọ́kọ́ gbé pọ́ọ̀m̀pù tuntun síbẹ̀ kí n tó wá bá yín. Ó dákẹ́, ó sì dára. Èmi ni n kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀."

Òkè Aké ṣì ń dúró dè wá. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo tún yí i, kí àwa méjèèjì lè gbọ́ ọ.