Ọwọ́ Tó Dúró Láàárín

Iwájú ilé Bàbá Tíṣà ni Súbárù náà wà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Aránṣọ tó fẹ́ rà á yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ náà ti gbó lóòótọ́, ìpẹtà ti mú etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni agbára rẹ̀ ká láti ìgbà tó ti ń wá ọkọ̀ kiri, kò sì lè dúró mọ́. Kíndìnrín ìyá rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ọsibítù tó wà lókè lọ́hùn-ún, ọkọ̀ èrò kì í sì í gun òkè yẹn déédéé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò rí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan péré, ni ẹsẹ̀ ìyá bá wú, ó ń mí gúlegúle mọ́jú. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ rárá. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má bi òun léèrè ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Àbúrò aránṣọ, tó ń ṣe mẹkáníìkì nílùú mìíràn, ti kọ́ ọ lórí fóònù títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan án. Tó bá gbóná, ẹ jókòó tì í kó tutù pátápátá. Ẹ wá tan án fúnra yín, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ kékeré tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Á gbéra láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, á dúró láàárín. Tó bá kọjá àárín, ẹ sá."

Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ti ibi tí wọ́n ti ń fọkọ̀ dé ni, ọmọ mi," Bàbá Tíṣà wí lẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ ò sì tíì bi í ní nǹkan kan. "Wọlé wá mu omi."

Àwòrán àwọn ọmọ tí bàbá ti kọ́ kún ara ògiri pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi kalẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó padà sí kíṣìnnì. Bàbá béèrè àlàáfíà ìyá, ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún un tọkàntọkàn. Ta ló fẹ́ wá sọ fún irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ pé òun máa jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ títí yóò fi tutù? Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu aránṣọ, ojú tì í, ó fi omi gbé e mì. Ẹ̀kọ́ ilé dára o, àmọ́ ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́, a kàn kì í fẹ́ sọ ọ́ síta ni.

Wọ́n wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká. Ọwọ́ náà dúró láàárín, kò mì. Ara tu aránṣọ, ó sanwó. Nígbà tó ń jáde ní géètì, ìyàwó bàbá sáré tẹ̀lé e.

"Ṣé ọ̀nà jíjìn lo máa fi rìn?"

"Ọsibítù òkè ni, mà."

Obìnrin náà la ẹnu. Bàbá Tíṣà wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà sì pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ ọsibítù, ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò láàárọ̀. Aránṣọ fi aṣọ òtútù wé ìyá rẹ̀, ó gbé e sí iwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ojú rẹ̀ lọ tààrà síbi ọwọ́ náà. Àárín ló wà.

"Ẹ wò ó, màmá. Ọkọ̀ wa ò níjàngbọ̀n."

Wọ́n ti gun òkè dé ìdajì kí ìyá tó sọ̀rọ̀. "Kí ló ń run bíi ṣúgà tó ń jóná yìí? Òtútù sì ń mú mi lẹ́sẹ̀." Lóòótọ́, ibi tó yẹ kó máa fẹ́ ooru sí wọn lẹ́sẹ̀, òtútù ló ń fẹ́. Aránṣọ nawọ́ kan ibẹ̀. Ó wo ọwọ́ náà, àárín ló wà síbẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ó ní, ó sì tẹná sí i.

Èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Igbó wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní òun ṣáà wo ọwọ́ náà dáadáa, kò kọjá àárín rárá.

"Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan án láàárọ̀ ńkọ́, níbo ló wà?"

"Àárín."

Àbúrò rẹ̀ ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tó sùn mọ́jú, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń wà."

Aránṣọ yọ kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kú, àwọn ọwọ́ yòókù sì já wá sísàlẹ̀. Èyí nìkan ló dúró láàárín, ibi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ẹni tó ń rà á má bàa mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù.

Ìyá ti bọ́ bàtà, kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti ń mí gúlegúle.

"Ṣé a ti dé ni?"

"Ó ku díẹ̀, màmá," aránṣọ wí, ó sì tẹ hóònù mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà.