Ọjọ́ Tí Nọ́ọ̀sì Dákú

Ìyá ọkọ mi kì í parọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan Motọ́lání. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni nígbà tí èmi àti ọkọ mi, Ọláolú, gbà á tọ́ ní kọ́ọ̀tù. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí, gbogbo Èbúté Mẹ́ta ló sì mọ bí mo ṣe rọbí rẹ̀, torí Màmá ló ń sọ fún wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi nǹkan kún un. Lọ́dún kan, òjò rọ̀. Lọ́dún kejì, nọ́ọ̀sì dákú. Èmi tí wọ́n ní mo rọbí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọláolú fowó ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan lókè òkun, ìjọba ibẹ̀ sì ní òun àti ìdílé rẹ̀ lè wá máa gbé níbẹ̀. Lọ́yà wa ní Motọ́lání lè bá wa lọ, ìwé kọ́ọ̀tù rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n obìnrin wẹ́fíà kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé máa wá sílé wa ní Sábó láti rí i dájú pé lóòótọ́ la gbà á tọ́. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n sọ òtítọ́, lọ́jọ́ yẹn nìkan. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Obìnrin náà mumi tán, ó wo ọmọ, ó wo ọkọ mi, ó ní wọ́n mà jọra o. Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Màmá tún gèlè ṣe, wọ́n ní kí ló fẹ́ ṣe tí wọn ò ní jọra, ṣebí ìṣojú àwọn ni mo bí i. Òjò rọ̀. Nọ́ọ̀sì dákú. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà pàápàá dákú.

Obìnrin náà gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ èmi ni mo bí i, a jẹ́ pé ayédèrú ni ìwé kọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ òun, ọmọ ò sì ní lè bá wa lọ. Inú bí mi gan-an.

Motọ́lání ló sọ̀rọ̀. A ò fi pa mọ́ fún un rí pé ńṣe la gbà á tọ́. "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni?"

"Mi ò fẹ́," ni Màmá wí, omi sì bọ́ lójú wọn. "Ta ló máa máa bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́?"

Wọ́n wá jẹ́wọ́ fún obìnrin náà pé a gbà á tọ́ ni, kò sí òjò, kò sí dókítà. Àánú wọn ṣe mí, inú ṣì ń bí mi.

Bí obìnrin náà ṣe tún mú bíírò ni Motọ́lání ní òun ní ìbéèrè kan. "Àǹtí, ṣé èmi náà lè gba Màmá tọ́, ká lè jọ lọ?"

Màmá yára nu ojú. Wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n ní àwọn ò ṣòro tọ́, àwọn kì í jẹun púpọ̀, àwọn kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Irọ́ gbáà ni. Mo sọ fún obìnrin náà pé òótọ́ ni.