Ta Ló Fá Orí Dàda?

Ọjọ́ tí àwo orin Dàda jáde, kò sí ibi téèyàn lè sá sí ní Aramọkọ tí kò ní gbọ́ ọ. Àwọn ọlọ́kadà ń gbé e kiri láti oríta dé ojú ọ̀nà Ìjerò, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pọnmi. Ọmọ ìtòsí sì ni Dàda náà, ọmọ Ìlogbò. Kì í tún ṣe àwo kan ló gbé jáde. Méjì ló ṣe pọ̀, orin bí ọgbọ̀n, ó wá pe gbogbo rẹ̀ ní *Irun àti Orí*. Àwo kìíní, ráàpù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ ya. Èkejì ni àwọn àgbà tún fẹ́ràn jù, torí pé ó kó àwọn ìyá arúgbó Ìlogbò wọ inú rẹ̀, wọ́n ń fi alámọ̀, orin àtijọ́ àwọn obìnrin Èkìtì, gbè é lẹ́sẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ni kò fetí sí ẹyọ orin kan níbẹ̀. Àwòrán tó wà lára àwo náà ló ń wò lórí fóònù rẹ̀. Lójú àwo kìíní, Dàda jókòó, irun rẹ̀ já dé èjìká. Lójú èkejì, wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro, ó ń dán.

"Ta ló fá a?" Fẹ́yìsayọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó máa bú u. Onídìrí ni Fẹ́yìsayọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì. Dàda kì í sì í ṣe irú àwọn tó ń lọ lọ́ irun pọ̀ ní ìlú ńlá kí wọ́n lè jọ olórin. Ó gbé dàda tirẹ̀ wáyé látinú ìyá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé irun dàda kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ ń kàn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, á kọ́kọ́ fún un ní nǹkan, á tù ú nínú. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní ilé-ìwé girama, Fẹ́yìsayọ̀ ló ń fún un ní ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, á wá fi àdí àgbọn pa irun náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹlòmíràn tí Dàda ń gbé orí fún. Nígbà tó di olórin tó ń gbé Èkó, ó ṣì máa ń wá sí Aramọkọ wá jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Fẹ́yìsayọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́ ẹ. Òun gan-an kò bi ara rẹ̀ rí. Ohun tó dá a lójú ni pé tirẹ̀ ni orí yẹn.

Nígbà ọdún Àjíǹde ni nǹkan dàrú. Dàda gbé àwòrán kan síta, òun àti Miriam, ọmọbìnrin kan láti Ìjerò tó ń bá a gbe orin l'Ékòó. Miriam ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun Dàda títí dé ọrùn ọwọ́. Ìkà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ojú ẹsẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀ bulọ́ọ̀kù Dàda, ìpè kò gbọdọ̀ wọlé, iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá ń retí pé kó wá bẹ òun. Bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, tó tún ń bínú pé àlejò kò wọlé.

Àwòrán orí fífá yìí ló wá da epo sí iná náà.

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́ bó ṣe gbá ọ̀rọ̀ mú níbí yìí," Olúmidé ọlọ́kadà ń sọ. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gbé sípíkà rẹ̀ lé orí táǹkì, orin ń lọ. "Mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ títí mo fi gbé èrò Ẹ̀fọ̀n kọjá ibi tó ń lọ."

"Ó gùn jù," ni Bùnmi dá a lóhùn látorí àga. Tíṣà ni Bùnmi, ó wá dirun ọ̀sẹ̀. "Àwo kejì dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n orin ọgbọ̀n! Ta ló ní etí ọgbọ̀n?"

"Tíṣà, ẹni tó se ìkòkò méjì fún àlejò, ṣé ó ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan ni? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni irun tó fá. Ẹ ò rántí Sámúsínì?"

"Sámúsínì kò fá a fúnra rẹ̀. Obìnrin ló ní kí wọ́n fá a."

"Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn! Ẹ ti gbọ́ *Ọwọ́ Tó Mọ Orí Mi*? Òun ló kẹ́yìn àwo kejì. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé Miriam ló kọ ọ́ fún. Ẹ dúró, kí n fi sí i."

"Má fi sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi," Fẹ́yìsayọ̀ kígbe.

Bùnmi náà kígbe, nítorí pé ọwọ́ Fẹ́yìsayọ̀ ti fa irun rẹ̀ fìrì.

"Àǹtí Fẹ́yì, orí mi rèé o! Kì í ṣe èmi ni mo fá Dàda."

Olúmidé bú sẹ́rìn-ín, ó pa orin, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Fẹ́yìsayọ̀ parí irun Bùnmi. Owú kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn ohun tí gbogbo ayé ń gbádùn. Bí orin náà ti ń dùn mọ́ àwọn èèyàn tó, bẹ́ẹ̀ ló ń korò lọ́fun rẹ̀. *Ọwọ́ tó mọ orí mi.* Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó dé ní Àjíǹde?

Bí Bùnmi ti jáde, ó mú fóònù. Gúrúùpù kan wà lórí wáàsáàpù tí àwọn olólùfẹ́ Dàda ń kóra jọ sí. Fẹ́yìsayọ̀ ló dá a sílẹ̀, nígbà tí olólùfẹ́ Dàda kò ju èèyàn mélòó kan lọ. Òun ló sọ ọ́ ní Àbúrò Dàda, torí pé àwọn àgbà ní Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Ní báyìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀. Ó tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti gba ohùn sílẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Èmi Fẹ́yìsayọ̀ ni, tí mo mọ orí yẹn kí ẹ tó mọ orúkọ ẹni tó gbé e. Ẹ ń pàtẹ́wọ́, àbí? Ẹ máa pàtẹ́wọ́ lọ. Ẹ bi Miriam pé ta ló ní kó fi abẹ kan dàda. Orí tí ọwọ́ àjèjì bá fá, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Àwo méjì kọ́, kó ṣe ogún. Orí yẹn kò ní gbé e dé ibì kankan."

Ó fi ránṣẹ́. Ó jókòó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ohùn náà ti dé Ẹ̀fọ̀n, ó ti dé Ìjerò, wọ́n ń gbọ́ ọ l'Ádó. Àwọn tó ń yin àwo náà ní àná tún dẹ etí sí i. Àwọn kan ní àwọn ti fura pé àwo kejì rọ̀ jù, irun ti lọ, agbára ti bá a lọ. Àwọn mìíràn kọjú sí Miriam: "Dá irun wa padà!" "Délílà ará Ìjerò!" Èébú náà pọ̀ débi pé ọmọbìnrin náà pa gbogbo àwòrán rẹ̀ rẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn. Ó ń ka èébú náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ó ń jẹ ọ̀kan, ó ń wá òmíràn.

Ọ̀sán Sátidé ni ọ̀kadà kan láti Ìlogbò já Ìyá Dàda sílẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ìjọ ni ní CAC, gèlè funfun, bàtà pẹlẹbẹ. Ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́, ó fi aṣọ bò ó. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀, ó gba abọ́ náà.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Dìde. Ẹ̀wà rẹ ni mo gbé wá."

Ó ṣí aṣọ. Ẹ̀wà ni lóòótọ́, ó rọ̀, epo pupa rẹ̀ yọ sójú.

"Ẹ̀wà urun Dàda ni. Ní ọjọ́ tá a fá a, mo sè é fún gbogbo ọmọdé àdúgbò. Pásítọ̀ ní kí n fi ìṣe àtijọ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọdé ni mò ń bọ́, ta ni kì í jẹ ẹ̀wà? Ìwọ nìkan ni o kò jẹ níbẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ni mo ṣe se èyí láàárọ̀ yìí."

Fẹ́yìsayọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mà, ta ló fá a?"

"Ta ni ì bá tún fá a? Èmi náà ni." Ìyá náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Wọ́n ń gbọ̀n. "Wo ọwọ́ tí mo fi fá a. Mo gé e létí. Ẹ̀jẹ̀ jáde, omijé jáde lójú èmi náà. Ìwọ ni Dàda fẹ́ kí o fá a fún òun. Tìtorí rẹ ló ṣe wá láti Èkó. Ó pè ọ́ títí. Ó ní, 'Màámi, ìpè mi kò wọlé sọ́dọ̀ Fẹ́yì mọ́.' Mo ní kó lọ bá ọ ní ulé. Ó ní ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ni, a kì í gba ojú fèrèsé wọlé bá a."

Fẹ́yìsayọ̀ ń wá ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Miriam ńkọ́, mà?"

"Miriam wo? Ìyàwó ọmọkùnrin tó ń bá a fi ẹ̀rọ ṣe orin? Kí ni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ìyá náà jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, láìmọ̀ pé àga Dàda ni. "O ṣáà ti gbọ́ orin rẹ?"

"Orin mi, mà?"

"Èyí tó gbẹ̀yìn."

Fẹ́yìsayọ̀ wá orin náà lórí fóònù rẹ̀, ó fi sí i. Kò sí ariwo nínú orin náà. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ kọ alámọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni Dàda wọlé, ó rọra ń sọ ọ́:

*Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn Mẹ́tọ́díìsì,*
*ẹ̀pà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, kí n má sunkún.*
*Níbi tó bá dùn mí, á fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i,*
*á ní: pẹ̀lẹ́, orí ọba, ó kù díẹ̀.*

Òótọ́ ni. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. *Pẹ̀lẹ́, orí ọba, ó kù díẹ̀.* Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ gbólóhùn yẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo Èkìtì ti ń kọ orin rẹ̀ létí rẹ̀, tí òun sì ń di etí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í, inú rẹ̀ dùn, ayé sú u, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Dàda dúró kí orin parí.

"Ọ̀rọ̀ kan kù," ó ní. "Ohùn kan ń lọ káàkiri, tó ń ṣépè fún orí ọmọ mi. Wọ́n ní ìwọ ni. Àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí Dàda ní ọ̀sán, ní òru. Ó ń bá gbogbo wọn jà. Ó ní kì í ṣe ìwọ. Ó ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe ohùn rẹ, pé wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ láyé ìsinsìnyí. Ó ní, 'Màámi, Fẹ́yì lè bínú sí mi, ṣùgbọ́n kò lè gégùn-ún fún orí mi. Ta ló tọ́jú orí náà bí kò ṣe òun?' Ó ní kí n má wulẹ̀ wá bi ọ́, pé ìwọ̀sí ni. Èmi ni mo dá ara mi rán. Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà àsálà ṣí sílẹ̀ gbayawu? Ó kù kó sọ pé ẹ̀rọ ni. Dàda fúnra rẹ̀ ti bá a pa irọ́ náà sílẹ̀, ó ti gbà á gbọ́ tán. Fẹ́yìsayọ̀ wo ẹ̀wà tó wà nínú abọ́. Ó wo ọwọ́ ìyá náà, tó ṣì ń gbọ̀n lórí itan rẹ̀.

"Èmi ni, mà."

Ìyá Dàda mi orí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi tí mo jẹ́ obìnrin mọ ohùn owú. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá sọ fún un. Pè é."

Fẹ́yìsayọ̀ ṣí ibi tó ti dí ọ̀nà mọ́ Dàda, ó tú u sílẹ̀. Ó rò pé òun yóò rí gbogbo ohun tó ti kọ ránṣẹ́ láti Àjíǹde, ìpè, ẹ̀bẹ̀, ohunkóhun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn, kì í dúró de ọjọ́ tí yóò ṣí i. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sétí.

Kò tíì dún délẹ̀ tí Dàda fi gbé e.

"Fẹ́yì!" Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀, kò dúró kí Fẹ́yìsayọ̀ kí òun. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn! Mo ní kì í ṣe ìwọ!"

Ìyá Dàda jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń wo ẹnu Fẹ́yìsayọ̀.