Orúkọ Àwọn Òkú Nínú Ìwé Ọtí

Gbàgà! Bí Màmá wa bá ti pa ìdérí fìríìjì ọtí dé báyìí, oníbàárà tó dúró níwájú rẹ̀ ti mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́ fún òun lọ́jọ́ náà. Ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè bú u, Màmá á kàn máa nu káńtà ni. "Ọ̀la ń bọ̀, bàbá. Ẹ lọ sùn." Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí n kọ orúkọ onítọ̀hún sínú ìwé kan tó fi okùn so kọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má baà tún ta ọtí fún un. Tíṣà ni mí nígbà náà, ìkọ̀wé mi ló sì dùn ún wò jù nínú ilé.

Ó ti tó ọdún méjìlélógójì tí mo ti kúrò níbẹ̀ lọ sókè òkun. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń ta ọtí ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ìwé àṣẹ. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i lọ́dọọdún, ìjọba á ti ibẹ̀ pa.

Lọ́dún yìí, wọ́n fi ojú ewé kan kún un: kí ẹni tó ń tà á kọ orúkọ àwọn tí ó kọ̀ láti ta ọtí fún nítorí pé wọ́n ti yó tàbí pé wọ́n fẹ́ wakọ̀. Àbúrò mi ya fọ́tò ojú ewé tó kọ ránṣẹ́. Mo wá jígí mi, mo fi sójú. Télọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Bíríkìlà Ọ̀kan-sí-i. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi bí ẹni pàdé ará ilé lójú ọ̀nà. Mo rántí ibi tí kálukú wọn máa ń jókòó sí. Ìgbà tó yá ni ó tó yé mi. Gbogbo wọn ló ti kú! Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti lọ yọ ìwé Màmá nínú àpótí, ó sì dà á kọ.

Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i?"

"Ta ni Bíríkìlà Ọ̀kan-sí-i?"

"Oníbàárà wa ni."

"Ó wá ra ọtí lọ́wọ́ ẹ lọ́dún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti yó, mo bá lé e."

"O kú iṣẹ́. Mo wà lára àwọn tó gbé pósí ẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ṣé ó ní kó o bá òun kí mi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, inú sì ń bí mi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mù lásán ni. Ta ló ń kà á?"

"Ayára ńkọ́? Kí ló dé tí orúkọ tiẹ̀ ò sí níbẹ̀?"

Ayára ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bí kó tó kú. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà. Lóṣù tó kọjá, ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sàn-án, ó lọ fi bọ́ọ̀sì náà kọ lu ògiri oníkẹ́mísì. Ọpẹ́ ni pé kò tíì kó àwọn ọmọ. Wọ́n ti tún bọ́ọ̀sì náà ṣe, ó sì tún ń wà á; ọ̀gá iléèwé ò mọ̀ pé ó mutí.

"Ìgò mélòó lo tà fún un lọ́jọ́ náà?"

"Àgbàlagbà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tí mi ò bá tà fún un, ṣé ẹni tó wà lódìkejì títì ò ní tà fún un ni? Ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi jù, ẹ ò mọ bí nǹkan ṣe rí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Jímọ̀ ni wọ́n ń gbà á kẹ́yìn."

Ó pa fóònù. Ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi! Ohun tó máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́ nìyẹn, torí pé òótọ́ ni. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́. Mo bú u, mo pa á rẹ́. Bí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti jẹ́rìí èké lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mi ò bá fọwọ́ sí i, oúnjẹ àbúrò mi ni mo gbà lẹ́nu rẹ̀ yẹn, èmi tí mi ò ta ìgò kan níbẹ̀ láti ogójì ọdún.

Ní Ọjọ́bọ̀, àmì ìbéèrè mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí mi, láìkí mi. Mo bá fi èyí ránṣẹ́:

"Àbúrò mi, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé òkú. Lọ bá Ayára lónìí, kó o sọ fún un lójúkojú pé o ò ní ta ọtí fún un mọ́ lọ́jọ́ tó bá máa gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ó máa bú ẹ. Jẹ́ kó bú ẹ. Kó o wá kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, mo máa fọwọ́ sí i kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá fẹ́ rà á lódìkejì títì, kó fẹsẹ̀ rìn lọ: gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀ ná. Bí o ò bá lè ṣe é, sọ fún mi, mo máa pe ọ̀gá iléèwé wọn fúnra mi."