Ìwé Ìyàwó Gbẹ́nàgbẹ́nà

"Yọ ọ́ kúrò," ni bàbá tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Gbogbo ibi tó bá wà. Mi ò fẹ́ rí Adúmáradán nínú ìwé ìyàwó mi."

Ọmọkùnrin rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé ìrántí ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ni wọ́n ń ṣe. Bàbá ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́. Adúmáradán ni ìnagijẹ àkọ́bí ilé náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń pè ní Àǹtí. Òun ló bu ọwọ́ lùwé nílé ìwòsàn pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tí ìyá fi ń mí, nítorí ìyá fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ ṣáájú pé kó má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ dá òun dúró sáyé. Láti ọjọ́ náà, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Bàbá, ó pọ̀ níbẹ̀ o."

"Ṣebí ìwọ lo ní kò sóhun tí kọ̀ǹpútà ò lè ṣe? Àbí òun náà ti ń gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Láti kékeré ni àlọ́ àpamọ̀ ti ń dùn mọ́ ọmọ yìí. Bí ìṣòro bá ti ní ojútùú, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yún un kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. Ó ṣí àyè ìwárí. Ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹ ìràwọ̀ kékeré tó dúró fún ohunkóhun tó bá tẹ̀lé e, ó sì fi àmì ìdánudúró tì í: láti orúkọ náà títí dé òpin gbólóhùn. Ó ní kí gbogbo rẹ̀ parẹ́, kí àmì ìdánudúró nìkan rọ́pò rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé sunkì bí aṣọ tó bọ́ sómi gbígbóná.

"Kà á fún mi."

"'Nígbà tí a kó wọ ilé yìí, ìyàwó mi pọn. Òjò wọlé. Ìyàwó mi fi aṣọ tó kù bo. Ó jí, ó ń kọrin fún.'"

"Fún ta ni?"

"Ibẹ̀ ló ti gé e, Bàbá."

"Kọ̀ǹpútà burúkú! Ẹni tó fẹ́ yọ ìṣó kì í fa pákó ya. Máa kà á lọ."

"'Nígbà tí iṣẹ́ dá, ìyàwó mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí.'"

"Gé àwọn kùkùté yẹn náà, kó lè dán."

Ọmọ yíjú sí i. "Mo lè gé e. Ṣùgbọ́n Màámi ni kùkùté yẹn. Bí mo bá gé e, òjò nìkan ló máa kù."

Bàbá bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó gbé e padà sójú.

"Dá gbogbo ẹ̀ padà."

Ó dá a padà. Bàbá dìde, ó lọ dúró lẹ́nu fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ta ló wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n yọ ẹ̀rọ náà?"

"Àǹtí nìkan. Nọ́ọ̀sì ní wọn ò lè gba ọwọ́ Màámi lọ́wọ́ ẹ̀."

Èjìká bàbá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Tẹ ìyẹn," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe sọ ọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, kó o tẹ̀ ẹ́ pé èmi ò lè wọ yàrá náà lọ́jọ́ yẹn."