Iye To Ku

Ẹ jẹ́ n tètè sọ àlá tí mo lá lọ́sàn-án yìí kí n tó gbàgbé ẹ̀. Nínú àlá náà, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ìbọn ológun tó ṣẹ́kù lórílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni mò ń gbà jọ, tí mo sì ń díye lé. Ọ́fíìsì wa léfòó sókè igi àgbálùmọ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ fò kó tó lè buwọ́ lùwé. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ṣáà ń fò.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi, ohun tó wà lórí ẹ̀ ni "Iye to ku." Ẹ mọ̀ pé ìjọba kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Èmi rò pé iye ìbọn tó kù ni wọ́n ń béèrè, mo bá bi ìbọn Jámánì pé mélòó ni wọ́n. Ó ní igba ó lé mẹ́ta, pé ìkan nínú wọn ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà náà. Mo wẹ̀yìn ẹ̀, òun nìkan ló dúró. Ìbọn Rọ́ṣíà wúkọ́, ó ní òun ò kà á mọ́ látìgbà tóun ti kúrò nílé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé iye tó kú ni wọ́n ń sọ. Mo ní kò burú, mo ń kọ ọ́ lọ. Bí iye yẹn bá ṣe pọ̀ tó lowó ìbọn ṣe ń ga.

Àfìgbà tí mo gbé ìkan tí wọ́n fi okùn bàtà so. Okùn bàtà bùrọ̀dá mi Ògúnrìndé ni. Ọdún kejì rèé tó ti lọ sójú ogun lókè Ọya, a ò gbúròó ẹ̀. Mo bi ìbọn náà pé bùrọ̀dá mi ńkọ́.

Ó ní, "Àǹtí, ohun tí wọ́n bá kọ lèmi náà máa sọ."

Mo yẹ fọ́ọ̀mù wò. Wọ́n kọ "o ku" síwájú orúkọ bùrọ̀dá mi. Ó kù ni, àbí ó kú? Akọ̀wé ní ọ̀gá àgbà nìkan ló láṣẹ àtifi àmì sí i. Mo fò lọ bá ọ̀gá. Kí n tó kí i tán, ó ti di òbúkọ, táì ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí dò-re-mí tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé: kù, dò ni, kú, mí ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, dò ni kẹ́ ẹ sọ. Dò péré."

Ó fi àánú wò mí. Ó lanu. "Mééééé."

"Mí lọ̀gá sọ," lakọ̀wé wí, ó sì fa àmì náà sókè.

Mo ní kò sí òbúkọ tó ń ké dò láyé yìí. Akọ̀wé gbà pé òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó ní òǹtẹ̀ ti wà lórí ẹ̀. Ìbọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe iye owó ara ẹ̀. Ohùn bùrọ̀dá mi ló fi ń pè é.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Màámi ń ké sí mi láti ilé ìdáná, "Àyọ̀ká, ẹran mélòó ló kù nínú ìkòkò?"

Mo kọ́kọ́ rò ó dáadáa bóyá kù ni wọ́n pè.

"Ó ku ẹyọ kan, mà."

"Má jẹ ẹ́ o," ni wọ́n wí. "Ti bùrọ̀dá ẹ ni."