Igi Ààlà Tí Wọ́n Gé Dé Ìdajì

"Ó tún ti kú," Marlis wí. Ó tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ ìgégi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mì ín, ó fi ọwọ́ gbá a lábẹ́. Ẹ̀rọ náà kò dá a lóhùn.

Igi ààlà ọgbà wọn, tí wọ́n gbìn pọ̀ bí ògiri, nà lọ níwájú rẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Apá ọ̀tún ti gún régé, ó mọ níwọ̀n àyà èèyàn bí òfin ẹgbẹ́ ọgbà tó yá wọn nílẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Apá òsì ṣì rí jákujàku, ó ga ju Marlis fúnra rẹ̀ lọ. Ó dà bí orí ẹni tí onígbàjámọ̀ fá dé àárín tó wá lọ jẹun.

"Fi èkejì sí i," Eckhard wí. Ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ó jókòó sórí àga ìnàyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pákó kékeré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti rọ lé itan. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú nígbà òtútù tó kọjá, orí àga yẹn ló ti ń ṣe ọgbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ń wọ́, bí ẹni tó jẹ iyán gbígbóná.

"Èkejì ló wà nínú rẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ tan iná rárá. Eckhard, èmi ni mo fi àwọn méjèèjì sórí ṣájà láàárọ̀ àná kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo fi ojú mi rí i tí wọ́n kún."

"Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n." Ilẹ̀ ni Eckhard ń wò. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ta ló rà wọ́n?"

Eckhard náà ni. Ta ni kò mọ̀? Ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì àti wàràkàṣì ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń kó irinṣẹ́ oníbátìrì dà sáàárín ọjà, lónìí dírìlì, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ayùn. Láti ìgbà tí Eckhard ti fẹ̀yìn tì níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ìgboro Leipzig ṣe, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kì í yàn, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bó bá ti pọ́ọ́kú, á gbé e. Ìgbà tó délé tán ló tó mọ̀ pé bátìrì dírìlì búlúù ò bá ayùn pupa mu, ti ayùn pupa ò sì bá ẹ̀rọ ìgékoríko mu. Ilé ìdáná Marlis wá di ilé olórogún, oníkálukú pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀. Bó bá fẹ́ se kọfí, àfi kó kọ́kọ́ yọ ṣájà ẹnìkan. Méjì tó jẹ́ àwọ̀ ewé nìkan ni bátìrì wọn bára mu, ẹ̀rọ ìgégi yìí àti èyí tó ń fẹ́ ewé tó bá já sílẹ̀.

"Marlis! Ṣé ó tún ti sùn ni?" Volkmar ló ń pè láti ọgbà kejì. Orí rẹ̀ yọ lókè apá igi tí wọ́n ti gé, fìlà rẹ̀ ti gbó, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Ó ti kú, Volkmar. Kò sùn."

"Dúró ná." Ó sáré lọ, ó sáré dé, ó na bátìrì kan tó pọ́n bí ìyeyè sí i. Marlis tì í bọ ihò ẹ̀rọ, ó yí i, ó tún un tì. Kò wọlé.

"Ẹbí wa ò bá ẹbí yín tan," Volkmar wí. "Ó dáa, kò burú. Gba odidi ẹ̀rọ mi. Mo ti ṣe tèmi tán láti àná."

"Rárá o!" Eckhard ló sọ ọ́, ó sì yá lẹ́nu rẹ̀ ju bí ọ̀rọ̀ ti ń yá lẹ́nu rẹ̀ nísinsìnyí lọ. "A dúpẹ́. Igi wa ni, ẹ̀rọ wa la ó fi gé e."

"Eckhard!"

"Mo ní rárá."

Volkmar wo tọkọtaya náà, ó gbé èjìká sókè. "Ọ̀gá ló ni igi o. Ṣùgbọ́n bí Ìyáàfin Pötzsch bá gbé ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ dé lẹ́yìn aago mẹ́ta, ẹ má wí pé mi ò sọ."

Ìyáàfin Pötzsch ni alága ẹgbẹ́ ọgbà. Ó ti kìlọ̀ fún wọn nígbà ìrúwé, ó tún ti kìlọ̀ nígbà tí òdòdó igi eléso ṣẹ́rì já: bí igi ààlà yẹn bá ṣì ga lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹgbẹ́ yóò gba ọgbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ ń dúró de ọgbà. Òní sì ni àyẹ̀wò.

Níbi tí Marlis ti ń ro ohun tó máa ṣe, aago ṣọ́ọ̀ṣì lu kan. Kíá ni gbogbo ọgbà dákẹ́. Láti aago kan sí mẹ́ta, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ. Ìsinmi ọ̀sán ni, ẹni bá sì rú u, gbogbo ọ̀nà náà ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Mò ń lọ sílé lọ ṣáàjì wọn," Marlis wí. "Mo máa padà dé kó tó lu mẹ́ta."

"Fi í sílẹ̀," Eckhard wí. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

"Ta ló máa wá gé e? Ìwọ?"

Kété tó sọ ọ́ ló ti dùn ún, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ó ju àwọn bátìrì sínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó gùn ún, ó lọ.

Lóòótọ́ ló ti rẹ̀ ẹ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Àtàárọ̀ Ọjọ́ Ajé títí dìrọ̀lẹ́ Ẹtì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yí èèyàn padà lórí ibùsùn, kó gbé wọn dìde, kó gbé wọn jókòó. Tó bá dé ilé, ọkọ tó yẹ kó gbé wà níbẹ̀. Tó bá di Sátidé, ọgbà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ká ní ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ì bá ti dá ọgbà náà padà fún ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Eckhard jáde nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n dókítà ní ọkùnrin tí irú èyí bá bá gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí yóò máa jí i láàárọ̀. Kí ló tún kù tí Eckhard ní? Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú ilẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá gbà á, kí ni yóò máa jí sí? Nítorí náà ni Marlis ṣe ń fi àìsùn gé igi.

Ó bá Ìyáàfin Uhlig, aládùúgbò wọn tó ń gbé nísàlẹ̀, lórí àtẹ̀gùn ilé.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyáàfin Marlis. Ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe aláròyé."

Marlis dúró. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn, àròyé ló gbé dání.

"Ọkọ yín ni. Lánàá, ní àkókò tí èèyàn ń fọkàn balẹ̀ mu kọfí ọ̀sán, ó jáde sí bákónì, ó gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ewé. Ó ń fẹ́ ẹ! Nínú oṣù Kẹfà! Mo ní ewé wo ló já sí bákónì òkè kẹta? Ó kọjú ẹ̀rọ sí ojú ọ̀run, gbùù, gbùù, títí bátìrì fi kú. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àfi bó ṣe wọlé tó lọ mú òmíràn! Mo pariwo títí, ó kàn ju ọwọ́ sí mi ni. Ṣé ara rẹ̀ dá ṣá?"

"Ara rẹ̀ ò dá tó," Marlis wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó gun òkè. Ó fi bátìrì kan sórí ṣájà, iná pupa tàn. Ó fìdí lé àga ilé ìdáná láàárín gbogbo àwọn ṣájà olórogún wọ̀nyẹn. Ṣé òun ni Eckhard ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Òun ń gbé irin lójú oòrùn, ẹnìkan jókòó sílé ń fi iná bátìrì fẹ́ òfuurufú! Ó ronú kan Volkmar, ó ronú kan "Rárá o" tó yá bí ìbọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀bẹ̀ ọ̀dùnkún àná wà nínú fíríìjì, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó kó bátìrì padà sínú apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Nígbà tó padà dé ọgbà, Eckhard wà níbi tó fi í sí. Gbogbo ọ̀nà dákẹ́, oyin nìkan ló ń kùn. Marlis ò mú bátìrì kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Kí lò ń fẹ́ ní bákónì lánàá?"

Eckhard gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Uhlig ti sọ."

"Uhlig ti sọ. Ìwọ náà sọ tìẹ. O jẹ́ kí n wa kẹ̀kẹ́ lọ, o jẹ́ kí n wà á bọ̀, o sì mọ̀!"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀."

"O ò sọ ìdí!"

Ó pẹ́ kí Eckhard tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ. Marlis kì í bá a parí ọ̀rọ̀ mọ́; wọ́n ti kọ́ ọ nílé ìwòsàn pé kó máa dúró.

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbà á," ó wí. "Ọgbà yìí. Mo ní bí igi bá ga, Pötzsch á gbà á, ẹ̀bi ò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Pötzsch ni wàá máa bú. O ò ní máa wò mí bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ."

"Èmi?"

"O fẹ́ràn rẹ̀. Òjò ni, oòrùn ni, o kì í pa Sátidé kan jẹ. Èmi á wá jókòó síbí bí ọba, mà á máa pàṣẹ. 'Gé ibẹ̀ yẹn. Fi èkejì sí i.' Mò ń wo èjìká rẹ, Marlis. Bó o ṣe ń gbé e sókè báyìí, ojú rẹ máa ń fún pọ̀. Mi ò lè wò ó mọ́. Ojú ń tì mí."

Marlis rìn lọ sẹ́nu géètì, ó padà wá. Ó fẹ́ sunkún, ó sì fẹ́ bú u. Kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ jáde.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀," ó wí. "Ìwọ ni mò ń tọ́jú rẹ̀ fún, òmùgọ̀ ọkùnrin yìí. Láti oṣù Kẹta ni mo ti kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra igi yìí, mo kórìíra ẹ̀rọ yìí, mo kórìíra gbogbo ṣájà tó wà lórí tábìlì mi. Dókítà ló ní kó o ní nǹkan tó máa jí ọ."

"Ìtọ̀ ló ń jí mi," Eckhard wí.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Marlis, ó sì gbé e mì. "Mo ṣì ń bínú o. Má rò pé mi ò bínú."

"Mo mọ̀."

"Ọgbọ̀n ọdún, Eckhard."

"Mo mọ̀." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń wo igi ṣẹ́rì tó gbìn lọ́dún tí wọ́n bí Silke, ọmọ wọn. "Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kò dùn mí tó èjìká rẹ yẹn."

Aago lu mẹ́ta. Kò pẹ́ rárá tí Ìyáàfin Pötzsch fi yọ ní ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀pá ìwọ̀n wà ní abíyá. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wo apá ọ̀tún, ó mi orí pé ó dáa. Ó wo apá òsì.

"Ìyáàfin Marlis. Ọ̀gbẹ́ni Eckhard. Mo ti bá yín sọ ọ́."

"Ẹ ti sọ ọ́," Marlis wí. Ó wo ọkọ rẹ̀. Eckhard mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀ báyìí. "Ẹ bá wa wá ẹlòmíràn, Ìyáàfin Pötzsch. A fẹ́ dá ọgbà padà fún yín."

Alága ò retí ìyẹn. Ó ti to ọ̀rọ̀ líle sẹ́nu, kò wá rí ibi tó máa kó o dà sí. "Háà. Ó mà ṣe o. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí." Ó húkọ́ díẹ̀. "Àwọn tó ń dúró pọ̀, ìyẹn ò ní jẹ́ wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń dá ọgbà padà gbọ́dọ̀ gé igi ààlà rẹ̀ wálẹ̀ kó tó lọ. Òfin ni."

Ohùn kan ló wá jáde láti orí àga, ohùn tí Marlis ò tètè mọ̀, nítorí ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Eckhard ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ṣe wọ́rọ́kọ́ lápá kan, itọ́ ń bọ́ sílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín náà ran Marlis, ó di igi ààlà mú kó má baà ṣubú, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé tó ti ń dá dúró látẹ̀ẹ̀kan fi rí ọ̀nà jáde. Ìyáàfin Pötzsch gbé ọ̀pá rẹ̀ dé abíyá kejì, ó ní òun yóò gba ọ̀nà yìí padà bọ̀ tó bá yá.

Marlis nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí apẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti mú bátìrì. Eckhard na ọwọ́ rẹ̀ tó lágbára, ó di etí aṣọ Marlis mú.

"Volkmar!" ó kígbe.

"Ọ̀gá?" Fìlà yọ lójú ẹsẹ̀. Ó dájú pé kò jìnnà látẹ̀ẹ̀kan.

"Gbé ẹ̀rọ rẹ wá. Wá bá wa gé e."

"Ẹ̀rọ yín tẹ́ ẹ ní ẹ ó fi gé e ńkọ́?"

"Gbé e wá, jàre. Ó ti rẹ Marlis."

Volkmar wo Marlis, Marlis sì jókòó sínú koríko níbi tó dúró sí gan-an, ó fẹ̀yìn ti ògiri pákó. Volkmar gba ẹnu géètì wọlé, ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ dé ìdí apá òsì, ó bẹ̀rẹ̀. Ewé ń já bọ́ lulẹ̀, òórùn rẹ̀ tutù nímú.

"Kí la ó wá máa ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀?" Eckhard béèrè.

"A ó sùn."

"Sátidé tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Marlis ò dá a lóhùn. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo ọ̀nà náà kan, Eckhard wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé orí Marlis ti yẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Oorun ti gbé e lọ.